Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí wọ́n tó fa ìlà funfun sórí ọ̀dà tuntun

Lẹ́tà mẹ́ta ló tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ìgboro Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ kan náà: bóyá a lè ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí ìjọba bá ń da ọ̀dà tuntun sí títì. Èmi tí mò ń dáhùn yìí ti ṣe iṣẹ́ títì fún ọdún pípẹ́ kí n tó di òǹkọ̀wé, mo sì ti di orí kejì téèpù mú fún àwọn ẹnjiníà láìmọye ìgbà, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á bí ìdáhùn mi sí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá gùn. Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń pè ní kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ìsàlẹ̀ yìí. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni n óò máa pè ní Maruwa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe. Ẹlẹ́yẹlé ni mò ń gbé, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023 ni mo ti gbé kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ jáde, mo pààrọ̀ táyà àti ṣéènì rẹ̀, òun ni mo sì ń gùn gba Ìjòkòdó àti Sàngó lọ síbi iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo so orí ẹ̀rọ oníbàárà kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Korópe kan fẹ́ já èrò, ó ṣàdédé ya síwájú mi, dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Díẹ̀ ló kù kí n wọ inú gọ́tà. Ẹ̀rọ náà já bọ́, ó kán lọ́rùn, èmi ni mo sì san owó rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ń ha ojú títì kan ládùúgbò wa, wọ́n ní ọ̀dà tuntun ni wọ́n fẹ́ dà sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun sọ fún mi pé àsìkò irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń ya ojú ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó lè ṣeé ṣe ní Ìbàdàn? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbà lọ?
Oníṣẹ́ ọwọ́, Ẹlẹ́yẹlé

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ sì kú àdánù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ, ó sì lè ṣeé ṣe ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àsìkò tí a lè fi béèrè fún un kúrú púpọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń lọ, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹnu yín ti lè wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ da ọ̀dà tuntun sí títì, wọ́n á kọ́kọ́ di àwọn kòtò, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ha èyí tó ti bàjẹ́ lókè kúrò. Wọ́n á gbá ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n á wọ́n ọ̀dà ṣíṣàn sí i kí ti tuntun lè lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí ń tẹ́ ọ̀dà yóò wá tẹ́ ọ̀dà olókùúta, tí ooru rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, tí nínípọn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, rólà á sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó tutù. Nígbà tí gbogbo èyí bá parí, ojú títì yóò dúdú minimini, kò sì ní sí ìlà kankan lórí rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ yín. Gbogbo ìlà tó wà lójú títì tẹ́lẹ̀ ti bá ọ̀dà àtijọ́ lọ, dandan sì ni kí ẹnì kan pinnu ibi tí wọ́n máa fa ti tuntun sí. Owó ọ̀dà funfun ti wà nínú owó iṣẹ́, àwọn tó máa fà á ti wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ti mọ̀ pé apá kan títì wà ní dídí. Yálà wọ́n fa ìlà náà síbi tó wà láti ogún ọdún sẹ́yìn ni o, yálà wọ́n sún un ní ìdajì mítà ni o, iye ọ̀dà funfun tó máa bá a lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti gbẹ tán, tí ẹ wá ní kí wọ́n sún un lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n á ní láti ha á kúrò, wọ́n á tún dí ọ̀nà, wọ́n á tún wá owó mìíràn, ojú ọ̀dà tuntun yóò sì ní àpá. Ó ṣòro kí ìjọba kan tó gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ óò dúró di ìgbà tí títì náà bá tún bàjẹ́, ìyẹn sì lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìlú kan ti rí i pé àsìkò yìí kò gbọdọ̀ máa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di òfin. Ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìlú ṣe òfin kan lọ́dún 2019 pé bí wọ́n bá ń tún títì kọ́ lábẹ́ ètò ọlọ́dún márùn-ún wọn, tí títì náà bá sì wà nínú ètò ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ìlú, dandan ni kí wọ́n fi ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ní ìdènà láàrin òun àti ọkọ̀ sí i. Ti Los Angeles ló wọ̀ mí lára jù. Ìlú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Láti ọdún 2015 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà ti fọwọ́ sí ètò kan tó sọ títì tí yóò ní ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti èyí tí yóò ní ti bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ títì lẹ́yìn títì ń gba ọ̀dà tuntun, wọ́n sì ń fa ìlà àtijọ́ padà sí i bí ẹni pé kò sí ìwé kankan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn ará ìlú fi ìbò sọ ọ́ di òfin pé ibikíbi tí wọ́n bá ti da ọ̀dà sí títì tí gígùn rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ máìlì, ìyẹn nǹkan bí igba mítà, dandan ni kí wọ́n ṣe ohun tí ètò náà sọ nípa ibẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: òfin náà kò dá ètò tuntun sílẹ̀, ó kàn so ètò àtijọ́ mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń da ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìbàdàn. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ mọ̀ ni bí títì yín ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wá téèpù gígùn tí àwọn bíríkìlà ń lò, ẹ mú ọmọ iṣẹ́ yín dání, kí ẹ lọ ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀, kí ẹ wọn títì náà láti etí gọ́tà kan dé etí gọ́tà kejì. Ẹ má wọn ọ́n níbì kan ṣoṣo, nítorí títì tó fẹ̀ níwájú ilé epo lè fún pọ̀ níbi afárá. Ibi tó fún jù lọ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Ká ní mítà 11 ni ẹ bá. Lọ́pọ̀ ìgbà, mítà 3.65 ni wọ́n máa ń fún ipa ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ bàtà 12 ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Ipa ti alọ àti ipa ti àbọ̀ gba mítà 7.3, ó ku mítà 3.7 tí kò ní orúkọ, tí takisí Máíkírà fi ń já èrò, tí ọ̀kadà fi ń yọ kọjá, tí ẹ̀yin náà sì ń há ara yín mọ́. Bí wọ́n bá fún ipa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní mítà 3.25, àwọn méjèèjì gba mítà 6.5, ó ku mítà 4.5, ìyẹn mítà 2.25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ mítà 1.5 nínú rẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́, kí sẹ̀ǹtímítà 75 tó kù di àlàfo láàrin òun àti ọkọ̀. Ẹ kò wó ilé ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Máíkírà kò fẹ̀ tó mítà 1.7, bọ́ọ̀sì ńlá pàápàá kò ju nǹkan bíi mítà 2.5 lọ, àyè wọn ṣì wà níbẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú ipa tí kò fẹ̀ jù: awakọ̀ kì í sábà sá eré àsápajúdé lórí rẹ̀. Òfin ti fi kìlómítà 50 ní wákàtí kan ṣe gbèdéke fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú ìlú, ṣùgbọ́n títì tó fẹ̀ bẹẹrẹ ń ti awakọ̀ lẹ́yìn pé kí ó máa lọ. Ọkọ̀ tó ń sá 60 kì í sì í gbá ènìyàn ní ìlọ́po méjì agbára èyí tó ń sá 30; ìlọ́po mẹ́rin ni.

Bí ó bá jẹ́ mítà 7.3 péré ni ẹ bá, n kò ní tàn yín jẹ: kò sí ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ká tilẹ̀ fún ipa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní mítà 3, mítà 1.3 ló kù, ìdajì rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 70, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìlà tí wọ́n bá fà síbẹ̀ yóò máa tì yín sétí gọ́tà ni, yóò sì máa sọ fún awakọ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní irú títì bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ óò béèrè ni pé kí wọ́n fi pákó kọnkéré tó lágbára bo gọ́tà, kí wọ́n ṣe ohun tí yóò mú ọkọ̀ rọra, tàbí kí wọ́n tún ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan ṣe tí kẹ̀kẹ́ lè máa gbà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, nítorí ìlà funfun kò lè wò ó sàn. Etí ọ̀dà ni. Ní ọ̀pọ̀ títì wa, wọn kì í ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò; wọ́n ń da tuntun lé e lórí ni. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lónìí, márùn-ún mìíràn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, títì ń ga, ilé ń rì. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tó wà lẹ́bàá títì ìgboro: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gòkè wọ̀ nígbà kan ti di èyí tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀, òjò sì ń bá onílé wọlé. Bí ọ̀dà tuntun kò bá wá dé etí gọ́tà, ìpele kékeré kan yóò wà ní ọ̀kánkán ibi tí táyà kẹ̀kẹ́ ń gbà. Ọkọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣùgbọ́n táyà kẹ̀kẹ́ tínínrín. Bí ó bá yọ̀ kúrò lórí ọ̀dà, tí ẹni tó gùn ún fẹ́ darí rẹ̀ padà sókè, ìpele náà á gbá táyà iwájú mú, kẹ̀kẹ́ á sì dojú ẹni náà bolẹ̀ sí ìhà ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi níbi iṣẹ́ tí èmi fúnra mi wà. Ọmọkùnrin kan ń gbé búrẹ́dì lọ, ó kó o sínú páálí mẹ́ta, ó sì fi rọ́bà táyà dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó ya fún ọkọ̀ kan, ó bọ́ sílẹ̀ sí orí yẹ̀pẹ̀, ó fẹ́ padà sórí ọ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì. Búrẹ́dì fọ́n ká sójú ọ̀dà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọlọ́run ló ní kí awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tètè tẹ bíréèkì. Ọ̀gá wa ní kí a kó yẹ̀pẹ̀ sí etí ibẹ̀ kí ó lè dọ́gba. A kó o sí i, òjò ẹ̀ẹ̀kan péré sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Àánú ọmọ náà ṣe mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ tí ń ha ọ̀dà wà ní àgbàlá wa lọ́jọ́ náà, a kò sì gbé e wá. Nítorí náà, bí wọ́n ti ń ha ojú títì yín yẹn, inú mi dùn sí i. Ẹ ṣọ́ wọn kí wọ́n ha á dé etí, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ dé etí. Kí ẹ tún wo àwọn irin tí wọ́n fi bo ojú gọ́tà: bí ọ̀pá irin náà bá nà gbọọrọ lọ sí ìhà ibi tí ọkọ̀ ń lọ, táyà kẹ̀kẹ́ yóò rì sáàrin wọn. Ìbú ni ó yẹ kí wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

Ní ti ẹni tí ẹ óò lọ bá, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì náà. Àwọn ọ̀nà ńlá tó so Ìbàdàn mọ́ Èkó, Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àjọ FERMA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 ló sì ń tọ́jú irú wọn. Ọ̀pọ̀ títì ńlá ìgboro jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní Sẹkitéríàtì Agodi àti àjọ OYSROMA tó ń tún títì ṣe ni ẹ óò kọ̀wé sí nípa wọn. Títì kékeré inú àdúgbò sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ má ṣe bá agbaṣẹ́ṣe jà lójú títì, nítorí ohun tó wà nínú àwòrán iṣẹ́ ni wọ́n fún un láti ṣe, kò sì ní àṣẹ láti yí i padà. Ẹnjiníà tí ìjọba fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà ni kí ẹ wá. Ẹ kọ ìwọ̀n títì tí ẹ wọ̀n sínú lẹ́tà náà, kí ẹ sì kọ ìṣirò yín sí i. Ẹ jókòó sí ìkòríta kan láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ ka iye oníkẹ̀kẹ́ tó kọjá, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ yín àti ọ̀gá iléèwé tó bá wà lójú títì náà bá yín fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i fún yín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò wà láàrin ìgbà tí wọ́n ń ha á yìí àti ìgbà tí ìlà funfun máa dé. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ: Ìsọ̀ mi wà lójú títì nítòsí ọjà Òjé, èlò ọbẹ̀ àti ìrẹsì ni mò ń tà. Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí ìjọba gba ẹ̀gbẹ́ títì fún kẹ̀kẹ́. Níbo ni oníbàárà mi yóò gbé ọkọ̀ sí? Níbo ni wọn yóò ti já ẹrù mi? Àti pé, ta ló tún ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn tó jẹ́ kìkì òkè yìí, nínú oòrùn yìí?
Ìyá oníṣòwò, Òjé

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ̀gbá. Ẹ kò jẹ̀bi rárá láti béèrè, nítorí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú títì ló ń kọ́kọ́ jìyà bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ títì láìfi ọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Mápó, tàbí tó gun Òkè Ààrẹ níbi tí ilé ìṣọ́ Bower wà láti ọdún 1936, yóò làágùn. Síbẹ̀, Bódìjà kò rí bí Mápó, Ring Road kò sì rí bí Òkè Ààrẹ. Àwọn bàbá wa náà gun kẹ̀kẹ́ Raleigh nínú ìlú yìí kan náà, wọ́n fi gbé kòkó wọlé láti oko, wọ́n sì fi lọ síbi iṣẹ́. Òkè ti wà níbẹ̀ nígbà náà. Ohun tí òkè ń kọ́ wa ni ibi tó yẹ kí a fi ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ń sáré tó ọkọ̀ inú ìlú, ó lè bá ọkọ̀ rìn. Ẹni tó ń gòkè ni ọkọ̀ ń lé: ó ń rọra lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kadà sì ń fun fèrè mọ́ ọn létí. Nítorí náà, bí títì olókè kan kò bá fẹ̀ tó láti fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń gbà gòkè nìkan ni kí wọ́n fún. Àwọn ìlú olókè kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ìlú tó bá mu bíi tiwa.

Ní ti oòrùn, Seville wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì, ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ooru Ìbàdàn kì í sábà dé 40. Láàrin ọdún 2006 sí 2010, ìlú náà ṣe ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ní ìdènà, tó so mọ́ra wọn, tí gígùn gbogbo rẹ̀ lé ní kìlómítà 100, iye àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì di ìlọ́po ìlọ́po láàrin ọdún díẹ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ kì í ṣe oòrùn, ọkọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ọjà yín ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì. Ẹ fi ìwé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, kí ọmọ tó ń bá yín tajà máa sàmì: ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá, ẹni tí ọ̀kadà tàbí Maruwa já sílẹ̀, ẹni tó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wá. Kí ẹ tún wo ọkọ̀ tó wà níwájú ìsọ̀ yín, bóyá oníbàárà ló ni ín, tàbí ẹnì kan tó gbé e síbẹ̀ láti àárọ̀ tó sì lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Àyè tí ọkọ̀ kan ṣoṣo gbà, kẹ̀kẹ́ bíi mẹ́wàá lè dúró síbẹ̀. N kò sọ pé ẹ kò ní pàdánù ohunkóhun. Ẹni tó ń gbé àpò ìrẹsì wá fún yín nílò ibi tí yóò dúró sí, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán iṣẹ́: kí wọ́n fa ìlà fún ibi ìjárù kan láàrin ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ipa ọkọ̀, tí yóò tó fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, kí gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí máa lò ó. Ibi tó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n dá wákàtí ìjárù, bíi kí agogo méje àárọ̀ tó lù. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n gbà kí àwọn alábàárù tó ń ti ọmọlanke máa gba ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà. Ní ọjọ́ ọjà aṣọ òkè ní Òjé, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń fi ara wọn wéwu láàrin ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù tó ga jù wọ́n lọ. Ẹ bá ìyálọ́jà yín sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ibi ìjárù náà ti ọ̀dọ̀ yín jáde kí ẹlòmíràn tó yà á fún yín síbi tí kò wúlò.

ÌBÉÈRÈ: Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ yìí, ìlà ọ̀dà funfun lásán ni. Ọ̀kadà àti Maruwa yóò gba ibẹ̀ kí ọ̀dà náà tó gbẹ. Kí ló máa dá wọn dúró?
Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbowó

ÌDÁHÙN: Ìlà nìkan kò ní dá wọn dúró, òótọ́ lẹ sọ. Ìdí tí mo fi fi sẹ̀ǹtímítà 75 sílẹ̀ nínú ìṣirò mi lókè nìyẹn: ibẹ̀ ni wọ́n máa to búlọ́ọ̀kù kọnkéré tàbí òpó kéékèèké sí, kí wọ́n máa fi àlàfo sílẹ̀ kí omi òjò lè ráyè ṣàn wọ gọ́tà. Maruwa fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1.3, nítorí náà bí wọ́n bá ri òpó kan mọ́ àárín ẹnu ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní ìkòríta kọ̀ọ̀kan, Maruwa kò ní lè wọlé.

Ọ̀kadà ni ìṣòro. Ibi tí kẹ̀kẹ́ bá gbà, alùpùpù náà lè gbà á, kò sì sí òpó tó lè dá ọ̀kan dúró láìdá èkejì dúró. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ OYRTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nìyẹn, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ohun tí àwọn ọlọ́kadà bá bá níbẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta yẹn ni wọn yóò mú ṣe àṣà. Ó tún yẹ kí àwọn alága ibùdókọ̀ wọn wà níbi ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ní ọmọ tó ń gùn ún lọ síléèwé.

Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀dà funfun náà, nítorí ó ju oríṣi kan lọ. Èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn máa ń parẹ́ kíákíá lábẹ́ òjò àti táyà. Èyí tó yẹ kí ẹ béèrè fún ni èyí tí wọ́n ń yọ́ nínú ìkòkò ẹ̀rọ títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 200, tí wọ́n ń da èérún dígí wẹ́wẹ́ sí lójú kí ó tó le. Dígí yẹn ló ń jẹ́ kí ìlà tàn padà nígbà tí iná ọkọ̀ bá kàn án lóru, nínú ìlú tí iná ojú pópó kì í fi gbogbo ìgbà tàn. Ẹ ṣètò ẹni tí yóò máa gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́yìn òjò pẹ̀lú, nítorí etí títì ni àgbàrá ń kó iyanrìn sí, kẹ̀kẹ́ a sì máa yọ̀ lórí iyanrìn.

Ohun kan tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè ṣe nìyí. Kí ẹ̀rọ tí ń fa ìlà tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń na okùn tó ti wọ ẹfun láti òpin kan títì dé èkejì, wọ́n á ta á mọ́lẹ̀, àpá funfun tín-ín-rín á sì hàn lórí ọ̀dà. Àpá yẹn ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹsẹ̀ lè pa á rẹ́, wọ́n sì lè tún un ta láìná owó kankan. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ mú téèpù jáde kí ẹ wọn àyè tó wà láàrin àpá náà àti etí gọ́tà. Bí kò bá tó iye tí ẹnjiníà bá yín ṣe àdéhùn lé lórí, bíi mítà 2.25 inú ìṣirò mi lókè, ẹ wá a lọ ní ọjọ́ náà gan-an.